Ọ̀gá Tó Pa Ìdáhùn Mọ́nú

Kí aláìsàn tó jókòó ní GOP, ìyẹn ibi tí ilé ìwòsàn ńlá ti ń kọ́kọ́ gba gbogbo èèyàn, ó ti sábà fún àìsàn rẹ̀ lórúkọ. "Ibà ni, dókítà." "Ibà àti táífọ́ọ̀dù ni." "Jẹ̀díjẹ̀dí ló ń dà mí láàmú." "Ẹ̀jẹ̀ ríru mi tún ti dé." Àwọn mìíràn ti ra oògùn sí orúkọ náà lọ́wọ́ oníkẹ́mísì, wọ́n ti mu àgbo lé e, wọ́n sì ti pa méjèèjì tì nígbà tí ara kò yá. Ohun tí dókítà yóò ṣe sí orúkọ yìí ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbà á. Kò gbọdọ̀ jù ú nù. Yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò wá bi ẹni tó mú un wá pé: "Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?"

Létí, ó rọrùn. Lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ọ, ó le. Ọdún mẹ́fà ni dókítà ọ̀dọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ náà fi wà ní iléèwé ìṣègùn, níbi tí ẹni tó bá tètè dárúkọ àrùn ti ń gba máàkì. Ó lo ọdún kan sí i nílé ìwòsàn lẹ́yìn tó jáde: oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ, oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ọmọdé, oṣù mẹ́ta níbi ìgbẹ̀bí, oṣù mẹ́ta ní wọ́ọ̀dù àgbàlagbà. Ó sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún kan. Ó yege nínú ìdánwò àbáwọlé. Orí rẹ̀ kún fún orúkọ àrùn, gbogbo wọn ló sì ń fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó wá fẹ́ kọ́ ọ ní ìṣègùn ìdílé tàbí Internal Medicine, ìyẹn ìtọ́jú àìsàn àgbàlagbà láìlo ọ̀bẹ, ní láti kọ́ ọ pé kó má tètè pè wọ́n. Ọgbọ́n ọwọ́ kan wà nínú bí àwọn ọ̀gá rere ṣe ń ṣe èyí, òun ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ wò. Ìpanumọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ti pẹ́. Ọdún 1948 ni ẹ̀ka ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́kọ́ ń rí aláìsàn, títí wọ́n fi ṣí UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì náà fúnra rẹ̀, lọ́dún 1957. Ọdún 1965 ni T. O. Ògúnlẹ́sì di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ní yunifásítì náà. Láyé ìgbà yẹn, òkè òkun, pàápàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀pọ̀ dókítà ń lọ gba ìwé ẹ̀rí ọ̀gá, kí West African College of Physicians tó dé lọ́dún 1976, kí National Postgraduate Medical College ti ilẹ̀ wa sì tó tẹ̀ lé e lọ́dún 1979. Láti ìgbà náà, èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí nílé kó sì parí rẹ̀ nílé, ó sì sábà máa ń gbà tó ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi méjì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ọ̀kan ni GOP, níbi tí èèyàn ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun tó ń ṣe é. Ọmọ tí ọ̀fìnkìn ń yọ lẹ́nu lè wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì á sì jọ máa fi pépà fẹ́ ara. Èkejì ni wọ́ọ̀dù, níbi tí aláìsàn ti wà lórí ibùsùn, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dé láàbù, tó sì lè jẹ́ pé orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni dókítà mẹ́ta ti kọ sínú fáìlì rẹ̀. Kò sí ọ̀bẹ níbì kankan nínú méjèèjì. Ẹnu, etí, ojú àti ọwọ́ ni irinṣẹ́.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí rẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn dókítà tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, bá rí aláìsàn tán ní GOP, tó wá sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ó ka ohun tó gbọ́ àti ohun tó rí fún un. Bí ó bá kà á dáadáa, ọ̀gá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kó tó dé ìdajì. Ojú rẹ̀ kò ní sọ ọ́. Yóò ní, "Kí ni ìwọ rò pé ó ń ṣe wọ́n?" Yóò wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń gùn lójú ọmọ, torí ó fẹ́ kí ọ̀gá bá òun sọ ọ́. Ọ̀gá kò ní bá a sọ ọ́. Nígbà tí ọmọ bá fi orúkọ kan lélẹ̀, ìbéèrè kejì á tẹ̀ lé e: "Kí ló jẹ́ kó o rò bẹ́ẹ̀?" Ìkẹta: "Kí ló tún lè jẹ́? Èwo nínú wọn ni kò gbọdọ̀ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lónìí?" Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá yóò tó sọ ìlànà kan ṣoṣo tí ọmọ lè mú lọ sọ́dọ̀ aláìsàn mìíràn, yóò dárúkọ ohun tó ṣe dáadáa, yóò tọ́ka sí ohun tó fò. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, torí ìlà ṣì gùn níta. Lọ́dún 1992, Jon Neher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ àwọn dókítà ìdílé ní Seattle, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ irú ọ̀nà yìí sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ márùn-ún, ó sì ti tàn ká ayé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rere ló bá a pàdé lẹ́nu iṣẹ́ kó tó rí i nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ ká wo iye tó ń ná ọ̀gá. Bí ó bá ní "Òtútù àyà ni" lójú ẹsẹ̀, ìlà á yá, aláìsàn á tètè lọlé, ọmọ á sì ti mọ ohun tó ń ṣe ẹni kan. Nígbà tó pa á mọ́nú, ọmọ fúnra rẹ̀ ní láti rin ọ̀nà náà, kó kọsẹ̀ níbi tí ọ̀gá ti lè dì í mú. Ọ̀gá ń fi àsìkò tí kò ní ra ọgbọ́n fún ẹlòmíràn. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí aláìsàn san nínú owó yẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá le, bí èémí bá ń há tàbí tí ojú ń yí, ó parí ẹ̀kọ́ lójú kan náà, ó dìde, ó sì ṣiṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Mímọ ìgbà tí ẹ̀kọ́ ń parí wà lára iṣẹ́ ọ̀gá.

Ibi tí ìpanumọ́ ti kọ́kọ́ wọ ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ni ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ pẹ̀lú aláìsàn. Ní 1984, Beckman àti Frankel tẹ ìwádìí kan jáde nílẹ̀ Amẹ́ríkà: ní ìpíndọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 18 péré ni dókítà fi ń jẹ́ kí aláìsàn sọ̀rọ̀ kó tó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ọ̀gá kan ṣe máa ń jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá tí wọ́n á máa wò, wọn kò ní sọ nǹkan kan, wọ́n á kàn máa kọ sínú ìwé. Ohun tí wọ́n ń kọ ni ìgbà tí ọmọ kọ́kọ́ ya ẹnu, àti ohun tí aláìsàn náà ń bọ̀ wá sọ kí wọ́n tó gé e.

Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀kọ́ yìí ní ẹrù tirẹ̀, torí àgbàlagbà kì í ti àárín bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìyá kan tí wọ́n bi pé kí ló ń ṣe wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti orí òkú ẹ̀gbọ́n wọn tí wọ́n lọ sin, ẹni tó wa ọkọ̀, oúnjẹ tí wọ́n jẹ lọ́nà, yàrá tí wọ́n sùn sí tí eku kò jẹ́ kí wọ́n fojú kan oorun. Rẹ́sídẹ́ǹtì tuntun ń wo aago. Ọ̀gá ń gbọ́ nǹkan mìíràn: ìrìn àjò ni, ọ̀fọ̀ ni, oúnjẹ ìta ni, ẹ̀fọn ni, eku ni. Bí ìlú tí wọ́n ti sin òkú bá wà lágbègbè Ọ̀wọ̀, níbi tí ibà Lassa ti ń gbòde lọ́dọọdún, gbólóhùn eku yẹn lè wúlò ju gbogbo èsì láàbù tó wà lórí tábìlì lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tó já ọ̀rọ̀ ìyá náà gbà níbi òkú kò ní débi eku.

Kì í ṣe ìwà pẹ̀lẹ́ nìkan ni wọ́n ń kọ́ báyìí. Hampton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo aláìsàn tuntun 80 lọ́dún 1975. Lára wọn, ìwé tí wọ́n mú wá àti ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ti tó láti mọ àìsàn 66 bí ó ṣe rí gan-an títí dé òpin. Àyẹ̀wò ara ló yí èrò dókítà padà lára 7, láàbù lára 7. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ ti pọ̀ sí i, ó sì ti dára sí i. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn ló ń sọ fún dókítà irú ẹ̀rọ tó yẹ kó pè.

Ìbéèrè fúnra rẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń dì í. Ẹ mú ọ̀rọ̀ àgbo. Bí dókítà bá fajú ro tó ní "Ṣé kì í ṣe pé ẹ mu àgbo?", "Rárá o" ni yóò gbọ́, kódà bí ìgò rẹ̀ bá wà nínú báàgì. Ọ̀gá a máa kọ́ ọmọ pé kó bi í báyìí: "Mà, kí lẹ ti lò sí i kí ẹ tó wá?" kó sì fi ojú kan náà gba gbogbo ìdáhùn, ìbáà jẹ́ paracetamol, ìbáà jẹ́ ewé. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ìtọ̀, nǹkan oṣù tàbí yàrá lọ́kọláya, ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni yóò bi ẹni tó lè bí ìyá rẹ̀. Yóò tọrọ ààyè kó tó béèrè, yóò sọ ìdí tó fi ń béèrè, yóò sì ti ilẹ̀kùn.

Àwọn àròyé kan sì wà tó jẹ́ ìdánwò fún ẹni tó ń kánjú. Aláìsàn kan á ní nǹkan ń rìn lórí òun bíi kòkòrò, etí òun ń hó, àyà òun ń já, oorun kò wá. Ọdẹ orí ni àwọn èèyàn wa ń pè é, Roger Makanjuola tó jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ sì kọ̀wé lé e lórí lọ́dún 1987, tó fi hàn pé ìpayà àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló sábà ń gba ara sọ̀rọ̀ báyẹn. Ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ á ní kí wọ́n lọ ya àwòrán orí, owó ńlá á lọ, àwòrán á sì jáde láìlábùkù. Ẹni tó gba ẹ̀kọ́ á kọ́kọ́ yẹ ara náà wò dáadáa kí nǹkan mìíràn má baà sá pamọ́ síbẹ̀, yóò wá bi í nípa oorun, ilé, ọmọ, gbèsè, kó tó béèrè àwòrán kankan.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ti ẹnu ọ̀nà. Ìwé oògùn ti wà lọ́wọ́ aláìsàn, ó ti dìde, ó ti di ilẹ̀kùn mú, ló bá yí padà: "Dókítà, ó ku ọ̀kan." Èyí tó kù yẹn ló sábà gbé wọn wá: kókó tí wọ́n fọwọ́ kàn lọ́mú, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n rí nínú ìgbẹ́, ọkọ tó ń lu ni. Ọmọ á mí kanlẹ̀. Ọ̀gá á padà jókòó. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ó bá ku àwọn méjèèjì, yóò fi hàn án pé ilẹ̀kùn kọ́ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde: látìbẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó ti máa bi wọ́n pé "Kí ló tún kù?", kó sì máa bi wọ́n títí wọ́n á fi ní "Ó tán." Ní London, láàárín ọdún 1950 sí 1960, Michael Balint máa ń kó àwọn dókítà ìdílé jọ láti jíròrò lórí irú aláìsàn báyìí, ìwé tó kọ jáde lọ́dún 1957 sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ rí i pé bí dókítà ṣe ń gba èèyàn lálejò wà lára ìtọ́jú.

Ní wọ́ọ̀dù, ọwọ́ àti ojú ni wọ́n ń kọ́ ní ìpanumọ́. Bí ráóńdì, ìyẹn àbẹ̀wò láti ibùsùn dé ibùsùn, bá dé ẹsẹ̀ aláìsàn kan, ọ̀gá lè ní kí gbogbo ọmọ káwọ́ sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan aláìsàn, kí wọ́n kàn wò ó. Báwo ló ṣe ń mí? Ìrọ̀rí mélòó ló fi gbé orí sókè? Ṣé ó jẹ oúnjẹ tó wà lórí àga? Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bọ́ sí apá ọ̀tún, wọ́n á gba ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á wo èékánná bí orí ìka bá ti wú, wọ́n á fa ìpéǹpéjú sísàlẹ̀ láti mọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dínkù. Ẹni tó ń wá ojú pípọ́n nítorí ẹ̀dọ̀ ní láti wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, torí iná mànàmáná lè tan ni jẹ. Bí ẹsẹ̀ bá wú, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun, wọ́n á dì í mú díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kúrò. Inú ni wọ́n ń fi sùúrù jù lọ yẹ̀ wò: ọwọ́ kò gbọdọ̀ tutù, ibi tó jìnnà sí ibi tó ń dunni ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀, ojú dókítà kò sì gbọdọ̀ kúrò lójú aláìsàn, torí ojú máa ń fà ro kí ẹnu tó sọ pé ó ń dun òun.

Fífi ìka lu àyà kí èèyàn lè mọ̀ bí omi bá wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ti wà láti ọdún 1761. Leopold Auenbrugger tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní Vienna jẹ́ ọmọ onílé-èrò, níbi tí wọ́n ti ń lu àgbá ọtí láti mọ ibi tí ó kún dé. Ìka àárín ọwọ́ òsì á lẹ̀ mọ́ ara, ti ọ̀tún á lù ú láti ọrùn ọwọ́, kì í ṣe láti ìgúnpá. Ìwé kò lè kọ́ni ní ìyẹn. Ọ̀gá á di ìgúnpá ọmọ mú kó má baà gbéra, yóò ní, "Tún un lù." Yóò tún dákẹ́, títí etí ọmọ á fi bá a.

Kódà wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ̀rọ ń ṣe ní gbogbo òpópónà ní ìlànà tirẹ̀. Kí ìyá jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, kí wọ́n má sọ̀rọ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní déédéé ọkàn. Bí aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá bá kéré sí apá náà, iye tí yóò jáde á ga ju bí ó ṣe rí lọ. Wọ́n á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á sì tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n tó so orúkọ náà mọ́ èèyàn, àyàfi bí ó bá ga kọjá ààlà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń jẹ́ oògùn ojoojúmọ́ títí ayé, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nítorí pé ó sáré gun àtẹ̀gùn. Bó bá jẹ́ ti àtọ̀gbẹ, ọmọ ní láti sọ pé "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín bọ́ bàtà," kó kúnlẹ̀ tàbí kó lóṣòó, kó la àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Egbò tí bàbá kò mọ̀ pé òun ní, nítorí ẹsẹ̀ ti kú tipiri, ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú kì í bọ́ bàtà aláìsàn.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ráóńdì, aláìsàn á sì dùbúlẹ̀ sáàárín èèyàn mẹ́wàá tí wọ́n ń fi èdè tí òun lè má gbọ́ sọ̀rọ̀ ara òun. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ á dá ọ̀rọ̀ dúró, yóò yí sí ibùsùn: "Mama, ọ̀rọ̀ yín là ń sọ. Ohun tí a rò nìyí." Yóò sọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara, yóò sì dúró kí mama béèrè tiwọn. Àwọn ọmọ tó dúró yí i ká ń wo bí ó ṣe ń ṣe é. Bákan náà ni wọ́n ń wo bí ó ṣe ń tọ́ ẹni tó ṣàṣìṣe. Àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n máa ń fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú aláìsàn. Ohun tí ọmọ ń kọ́ nínú ìyẹn ni bí wọ́n ṣe ń fi àìmọ̀ pamọ́, ẹ̀kọ́ náà sì lè pa aláìsàn mìíràn lọ́la. Ọ̀gá rere á sọ fúnra rẹ̀ pé "N kò mọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó," létí gbogbo wọn. Bí ọ̀gá bá lè sọ ọ́, ọmọ á lè sọ ọ́.

Ìlú Èkó rí èrè irú ẹ̀kọ́ yìí lóṣù keje ọdún 2014. Ọkùnrin kan tó ti Làìbéríà wọlé ṣubú ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn First Consultants, ibà ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń tọ́jú. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, ọ̀gá dókítà níbẹ̀, kò rí Ebola rí. Kò tíì sí ẹni tó ní in ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibùsùn náà, kò gba orúkọ tó bá níbẹ̀. Ó tún béèrè ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí ọkùnrin náà ti ń bọ̀ àti bí ara rẹ̀ ṣe rí kò bá ibà mu mọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò Ebola, kò sì jẹ́ kí ó jáde bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fúngun mọ́ ọn. Èèyàn 20 ló ní àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 kú, dókítà náà sì wà lára wọn, ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ. Lógúnjọ́ oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Gbogbo ènìyàn ló ń yin ìgboyà rẹ̀, ó sì tọ́. Ohun tó ṣáájú ìgboyà yẹn ni ìwà kan tí wọ́n ń kọ́ ní gbogbo ráóńdì: pé kí èèyàn tún béèrè.

Ẹ̀kọ́ náà kò parí sínú ọgbà ilé ìwòsàn. Lọ́dún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn dá ètò ìlera sílẹ̀ ní Ìbàràpá, wọ́n fi Igbó-Ọrà ṣe ibùdó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sì ń lọ gbé níbẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù nígbà náà, ẹsẹ̀ tí sòbìà ti ń yọ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń rí. Ní Ìdèrè, ní Ìbàràpá kan náà, ó rí ọ̀gọ̀dọ̀ tí wọ́n ti pọn omi tó gbé sòbìà wọ ara ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ó rí obìnrin tó ń pọn ọ́n, ó sì rí i pé asẹ́ aṣọ lẹ́nu ìkòkò wúlò ju gbogbo ohun tó wà nínú báàgì òun lọ. Ọdún 2008 ni wọ́n rí sòbìà kẹ́yìn ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i lọ́dún 2013. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Òṣúntókun náà, nígbà tó ń wo àwọn tí ẹsẹ̀ ń ta, tí wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí ojú àti etí wọn ń kú lọ, bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́. Ẹ̀gẹ́ ni. Iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1968 tọ́ka sí oró inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dénú, àwọn olùwádìí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sì ṣì ń bá a jiyàn lórí okùnfà náà. Ṣùgbọ́n bí kò bá béèrè oúnjẹ, kò ní sí ohun tí wọ́n á jiyàn lé.

Apá kan wà nínú ẹ̀kọ́ yìí tó kan àpò aláìsàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló ń fi owó ọwọ́ wọn san gbogbo àyẹ̀wò. Bí ọmọ bá ti fẹ́ kọ ìwé láàbù, ọ̀gá a máa bi í: "Bí èsì bá jáde báyìí, kí lo máa ṣe? Bí ó bá jáde lódìkejì ńkọ́?" Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, kò sídìí fún àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n ń fi pe gbogbo èèyàn ní onítáífọ́ọ̀dù ni àpẹẹrẹ tí wọ́n ń lò jù, torí èsì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo rẹ̀ kò tó ẹ̀rí nílẹ̀ tí àrùn náà ti wọ́pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibà: láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fúnni lóògùn rẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá ní kò sí ibà, iṣẹ́ dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, torí ara gbígbóná náà ṣì wà níbẹ̀, kò sì ní orúkọ mọ́.

Ìgbà tí orúkọ kò bá sí gan-an ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí wọ́n kọ́ yanjú. Yóò sọ ohun tí òun rò àti ohun tí kò tíì dá òun lójú, yóò sì fi ọjọ́ sí i: "Bí ara gbígbóná yìí bá kọjá ọ̀túnla, tàbí tí ẹ bá ń bì tí oògùn kò dúró, tàbí tí ọrùn yín bá gan, ẹ má dúró de ọjọ́ tí a dá, ẹ máa bọ̀ lóru náà." Yóò wá ní kí aláìsàn sọ ọ́ padà fún òun. Roger Neighbour, dókítà ìdílé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ èyí sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1987 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ohun márùn-ún tí ìpàdé dókítà àti aláìsàn kò gbọdọ̀ ṣaláìní. "Ẹ lọ máa lo oògùn yín" kò tó.

Nígbà ìdánwò ọ̀gá, wọ́n á fún rẹ́sídẹ́ǹtì ní aláìsàn kan tí kò mọ̀ rí, wọ́n á fi òun àti onítọ̀hún sílẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan láti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó sì yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó wá dúró níwájú àwọn olùdánwò. Ní ọjọ́ yẹn, àwọn olùdánwò náà á pa ìdáhùn mọ́nú, bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe ń ṣe látọdúnmọ́dún. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ máa ń bá dáhùn ni yóò gbọ̀n.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kọ́ni ló ti bá ti wọn lọ sókè òkun, àwọn tó kù sì ń kọ́ni láàárín ìlà tí kò lópin. Wọ́n lè ra ẹ̀rọ láàárọ̀ kó dé lálẹ́. Ẹni tó lè dúró ti ọmọ, kó mọ ìdáhùn, kó má sọ ọ́, kò sí ní ọjà. Bí ẹ bá tún dé GOP, ẹ lè mọ ẹni tó bọ́ sọ́wọ́ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Yóò jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ tán. Yóò bi yín ohun tí ẹ̀yin fúnra yín rò pé ó jẹ́. Yóò fọwọ́ kàn yín kó tó kọ ìwé láàbù. Bí ó bá sì ní "N kò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a máa ṣe nìyí," ẹ má rò pé kò mọṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ ọ láti lè sọ gbólóhùn yẹn láìfòyà.